Oògùn Tí A Dá Dúró fún Bàbá Mi

Bùrẹ́ímọ̀ lorúkọ bàbá mi. Bíríkìlà ni wọ́n. Ilé tí wọ́n kọ́ sí Mágbòrò pọ̀. Tiwọn ní Ìbàfò, yàrá méjì péré ló rí páànù.

Jẹjẹrẹ wọ egungun ẹ̀yìn wọn. Dókítà ní kò sí ìwòsàn mọ́, àfi ká máa pẹ̀rọ̀ sí ìrora. Wọ́n fún wa ní mọfíìnì, oògùn olómi inú ìgò. Nọ́ọ̀sì Qudrah kọ́ mi bí màá ṣe fi síríńjì fà á.

"Yaqub, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń ké."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Bàbá ń sùn, wọ́n ń mu ẹ̀kọ, wọ́n tún ń fi mí ṣẹlẹ́yà. "Ìwọ lò ń di dókítà? Ìwọ tí o ò lè po sìmẹ́ǹtì!"

Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Fàósátù, dé láti Ìfọ̀. Ìyá Ìfọ̀ la máa ń pè wọ́n. Wọ́n pe bàbá títí, oorun oògùn ni.

"Tí ikú bá dé báyìí, ahọ́n wo ni Bùrẹ́ímọ̀ máa fi ṣe kálímà, kó jẹ́rìí Ọlọ́run kó tó lọ?"

"Ẹ̀yin màmá, nọ́ọ̀sì ní—"

"Nọ́ọ̀sì ló máa bá a dé sàréè?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ki ìgò oògùn sínú báàgì wọn. Pírámárì ni mo kà mọ. Mi ò lè já a gbà lọ́wọ́ àgbà.

Aago mẹ́wàá, àsìkò oògùn, kọjá. Aago méjì kọjá. Ojú bàbá là lóòótọ́. Wọ́n ṣe kálímà lẹ́ẹ̀kan, ó já geere. Inú Ìyá Ìfọ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ikú ò tíì dé.

Lẹ́yìn ìrun alásárì ni ìrora dé.

"Yaqub, ta ló ń to búlọ́ọ̀kù lé mi lẹ́yìn? Sọ fún un kó dáwọ́ dúró."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣebí ẹ̀fẹ̀ wọn ni. Ìgbà náà ni mo rí ojú wọn. Igbe bẹ̀rẹ̀. Igbe yẹn, mi ò mọ bí màá ṣe kọ ọ́.

Ìyá Ìfọ̀ fúnra wọn ló yọ ìgò jáde. "Fún un, ọmọ mi. Tètè fún un!"

Mo fà á, mo dà á sí bàbá lẹ́nu. Ọ̀fun wọn ò gbé e mì mọ́. Ó ṣàn sórí ìrọ̀rí. Mo pe Nọ́ọ̀sì Qudrah. Ó ní òun ń gbé abẹ́rẹ́ bọ̀ láti Mówè.

Kó tó dé, bàbá lanu. Ìyá Ìfọ̀ gbé etí sún mọ́ wọn. Kì í ṣe kálímà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni wọ́n ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," títí ohùn fi tán.