Ọmọ Màlúù tí Alhájà Gé Ìwọ́ Rẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lórí koríko nígbà tí mo dé ọgbà ẹran Alhájà ní Ejinrin. Itamaga ni mò ń gbé, iṣẹ́ dókítà ẹran sì ti jẹ́ kí n mọ gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ọmọ màlúù tuntun náà nà gbalaja, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní ìdodo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rẹ̀ ti bí òkú ọmọ. Èyí nìkan ló bí láàyè, ọkàn Alhájà ò sì balẹ̀ rárá.

Agbẹ̀bí ni Alhájà kó tó fẹ̀yìn tì.

"Dókítà, bí mo ṣe ń ṣe fún ọmọ èèyàn ni mo ṣe fún un. Abẹ tuntun ni mo fi gé ìwọ́ ẹ̀, mo sì fi òwú dè é."

"Òwú yẹn ti yọ̀, mà. Ti màlúù, ńṣe ló yẹ kó já fúnra ẹ̀. Tó bá já bẹ́ẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á súnkì wọ inú ikùn, á sì pa ara ẹ̀ dé. Abẹ kì í jẹ́ kó ráyè."

Mo so ìwọ́ náà pa, ẹ̀jẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ti dà nù ti pọ̀ jù. Èrìgì rẹ̀ funfun, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Alhájà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún fọwọ́ kan àyà.

"Kí ló dé tẹ́sẹ̀ tutù, táyà gbóná?"

Mo fẹ́ràn obìnrin tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀! Mo ṣàlàyé pé bí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, ara á tú họ́mónù jáde, ìyẹn àwọn èròjà tó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ jíṣẹ́ káàkiri. Wọ́n á ní kí ọkàn sáré, wọ́n á ní kí iṣan ẹsẹ̀ àti ti awọ fún pọ̀, kí ìwọ̀nba tó kù lè tó ọpọlọ àti ọkàn lò.

"Ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ yìí! Ta ló kọ́ ara ẹ̀ ní gbogbo ìyẹn?"

Ìbéèrè yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn èmi náà láti ilé ìwé.

Ibẹ̀ la wà tí lílù àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Alhájà mí kanlẹ̀, ó ní ara ti ń tù ú. Ẹ̀rù bà mí. Èrìgì ṣì funfun, nítorí náà kì í ṣe ìtura, ó ti ń rẹ ọkàn ni. Kíá ni mo gba ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ìyá rẹ̀ sínú àpò tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, Alhájà gbé àpò náà sókè, a sì jẹ́ kó máa kán díẹ̀díẹ̀ wọ inú iṣan ọmọ. Nígbà tó yá, èrìgì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

"Ṣé ó ti bọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká dúró de ìtọ̀, mà."

"Ìtọ̀ kẹ̀?"

"Họ́mónù kan náà ti sọ fún kíndìnrín pé kó má jẹ́ kí omi jáde. Tó bá tọ̀, a jẹ́ pé ara ti gbà pé ewu ti lọ."

A jókòó tì í, Alhájà ń fa tẹ̀sùbáà. Wọ́n ti ń pe ìrun Alásàrí nígbà tí ọmọ náà gbọ̀n dìde, ó fara ti ìró Alhájà, ó sì tọ̀ sí i lára ṣàà. Mo fẹ́ fà á kúrò.

"Fi í sílẹ̀!" Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Màá pààrọ̀ aṣọ kí n tó kírun. Jẹ́ kó tọ̀ tán."