Kóńgò Àgbàdo Tí Mo Gbé Lọ Fún Ẹṣin

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó tọ́jú ẹṣin agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ títí ó fi darúgbó, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún mi. Ó ní ẹṣin kan wà nígbà tóun wà lọ́mọdé, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Òun bu àgbàdo sápò, òun lọ bá a, òun ń sọ̀rọ̀ sí i létí bó ṣe ń jẹ ẹ́. Nígbà tí Iléyá dé, òun ló gùn ún lọ sí Yídì. Ó máa ń rẹ́rìn-ín tó bá dé ibẹ̀, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń kọ́ ẹṣin gígùn ní pápá kan lọ́nà Agodi. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín àwọn ọmọ ibẹ̀ sí. Ìpele kìíní á kó imí ẹṣin, á pọnmi, á fún un lóúnjẹ, á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí orúnkún, á sì yọ òkúta tó há sí pátákò. Ìpele kejì á di gàárì, á fi ìjánu sí i lẹ́nu, á fà á kiri pápá, ṣùgbọ́n kò ní gùn ún. Ìpele kẹta ló ń gùn. Àwọn yẹn ló máa ń bá àwọn àgbà lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá, tí gbogbo Ọjà'ba á máa wò wọ́n.

Ọmọ tèmi ti lo ọdún kan ààbọ̀ ní ìpele kejì. Kò dùn ún tó bó ṣe ń dùn mí. Tí a bá kírun tán, ọ̀rẹ́ mi kan á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá agbálẹ̀ ẹṣin!" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Tí mo bá jókòó, mo ti tún dìde. Mo ń ka ọjọ́ tó kù kí Iléyá dé.

Mo lọ bá olùkọ́ wọn, tí a ń pè ní Aláàjì. "Aláàjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ọmọ yìí."

"Ẹ fara balẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ dáa. Ẹṣin pupa tó ń fà kiri yẹn ni kò tíì gbà á."

Kò tíì gbà á? Ìtàn ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá sọ sí mi lọ́kàn.

Ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ìpele kẹta ku ọ̀la. Bí a ṣe kírun Jímọ̀ tán, mo da kóńgò àgbàdo gbígbẹ kan sápò aṣọ mi, mo wọ ọ̀kadà, ó di pápá. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo fún ẹṣin pupa ní ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ń fi imú wá àpò mi. Mo bá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Mo ní, "Ọmọ mi ń bọ̀ lọ́la. Má jẹ́ kójú tì mí."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi di gàárì tán, kò gùn ún. Ẹṣin náà ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀, ó ń bojú wo ìhà ara rẹ̀.

Mo pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá, "Gùn ún! Kí lò ń wò?"

Ọmọ kan ní, "Ẹ̀rù ń bà á ni! Ọ̀gá àwọn agbálẹ̀!"

Ọmọ mi gbé etí lé ẹṣin níkùn. "Aláàjì, mi ò gùn ún. Inú ẹ̀ dákẹ́, kò dún rárá."

Wọ́n pe dókítà ẹran. Ó ní ẹnì kan ti fún un ní àgbàdo ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ mi fà á kiri nínú oòrùn títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Nígbà tí ẹṣin náà yàgbẹ́, gbogbo wa pariwo Alihamudulilahi.

Aláàjì wá yíjú sí ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn, òun ló kàn láti bójú tó oúnjẹ táwọn ọmọ ìpele kìíní ń fún ẹṣin.

"Kì í ṣe èmi, sà."

"Ta ni nígbà náà?"

Ọmọ mi kàn ń fọwọ́ pa ẹṣin náà lọ́rùn. Mo ń wo bàtà mi.

"Ó dáa. Padà sí ìpele kìíní."

Nígbà tí a délé, ó ní, "Bàbá mi, mo rí àgbàdo nínú àpò aṣọ Jímọ̀ yín nígbà tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́ lánàá."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún Aláàjì?"

"Lójú gbogbo èrò yẹn? Ẹ̀yin bàbá mi kẹ̀!"

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òun àtàwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n jọ ń kó imí. Mo ti gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta láti pe Aláàjì, mo tún gbé e kalẹ̀. Mo máa sọ ọ́, ìyẹn ti parí. Lọ́la ni wọ́n tún máa pé jọ ní pápá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ṣé kí n fa Aláàjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, àbí ojú àwọn ọmọ tó fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni kí n ti sọ ọ́?