Orí Ọ̀gá Onídìrí

Inú mi dùn, mi ò sì lè pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ sọ ìparí, ẹ ò ní mọ ìdí tí mo fi ń dá rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù.

Onídìrí ni mí. Ẹ̀yìn Too-geeti Ṣàngó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àwọn ọmọbìnrin iléeṣẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Àwọn kan ń ti Agbára wá lọ́jọ́ tí wọn kò bá níṣẹ́. Bí wọ́n bá ti jókòó, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Àǹtí, ẹ dì í kó le o. Abẹ́ kápù iṣẹ́ ló máa wà." Èmi náà á sì fà á títí ojú wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sókè. Láàárín àwa onídìrí, a máa ń sọ pé irun tí kò bá dun orí kì í pẹ́. Tèmi máa ń pẹ́, ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí nìyẹn.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ ìlú Alápòtì, ń múra àtigba òmìnira. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí màá tú sílẹ̀, ó sì wù mí ju bó ṣe wu òun fúnra rẹ̀ lọ. Ní ẹgbẹ́ àwa onídìrí, ọmọ tó bá fẹ́ gbòmìnira kì í dirí fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà. Orí ọ̀gá rẹ̀ ni yóò dì, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Obìnrin nìkan ló máa ń wà níbẹ̀, nítorí náà àwa tí a ń lo híjàábù náà á ṣí i. Ìyá ẹgbẹ́ á jókòó síwájú, gèlè rẹ̀ á bo iwájú orí títí dé ìpéǹpéjú bó ṣe máa ń wé e, òun ló máa sọ pé ọmọ yege tàbí kò yege.

Àsìkò yẹn gan-an ni irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo ya irun láàárọ̀ ọjọ́ kan, òòyà kún. Mo ní òòyà ni kò dáa, mo ra òmíràn. Ìyẹn náà kún. Ihò omi ilé ìwẹ̀ dí. Mo ń ṣà á sínú ọ̀rá, nítorí ìyá mi tó wà ní Ọ̀yọ́ ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í da irun ara ẹni sílẹ̀ kiri, kí ọwọ́ ọ̀tá má baà tó o. Mo pè é.

"Ta lo jẹ́ kó fọwọ́ kan orí rẹ?"

"Màámi, èmi ni mò ń fọwọ́ kan orí àwọn èèyàn."

"Má fi mí ṣeré. Má sì da irun yẹn nù."

Mi ò dà á nù. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ta ni yóò tún gbé orí rẹ̀ wá fún onídìrí tí orí tirẹ̀ ń pá? Bí ọ̀gá bá sì sọ pé òun ò ní ṣí orí lọ́jọ́ òmìnira, ọmọ ò ní gbòmìnira nìyẹn. Oníbàárà kan ní kí n fi omi àlùbọ́sà pa orí. Mo fi pa á. Ẹlòmíràn wọlé, ó ní ta ló ń dín ẹyin.

Mo wá ṣe ohun tó jẹ́ pé onídìrí nìkan ló lè rò ó. Mo ní bí mo bá so irun mọ́lẹ̀ dáadáa, èyí tó fẹ́ lọ kò ní ráyè lọ. Mo jókòó síwájú dígí nílé, mo fi àtáṣímẹ́ǹtì di orí ara mi, mo sì fà á bí mo ṣe ń fà á fáwọn ará iléeṣẹ́. Kò pẹ́ tí eéwo wẹ́wẹ́ fi yọ sí iwájú orí mi, tí ibẹ̀ sì ń sún sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìrora eéwo yẹn ló lé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara. Obìnrin ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ìtìjú bá mi láti gbé ọ̀rá irun sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn sí i. Ó tú u sórí bébà funfun, ó ní kí n wo ìdí irun náà, kókó funfun bíńtín wà níbẹ̀.

"Tìdí tìdí ló ń bọ́, mà. Kì í ṣe pé ó ń kán. Ṣé ẹ ṣàìsàn líle lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, àbí ẹ bímọ?"

Mo ní rárá. Ìgbà tó yá ni mo rántí táífọ́ọ̀dù tó dá mi dùbúlẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mo ti dúpẹ́ lórí rẹ̀, mo ti gbàgbé.

"Òun náà nìyẹn. Bí ara bá rí irú wàhálà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ irun á dẹ́kun híhù lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn oṣù méjì mẹ́ta ni wọ́n máa wá bọ́. Wọ́n máa padà hù."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dì mọ́ ọn.

"Ẹ jókòó ná, mà. Ti iwájú orí yín yàtọ̀. Ta ló dirí fún yín?"

"Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ nínú ẹ̀rín. Ó ní irun tí wọ́n bá ń fà lemọ́lemọ́, ihò rẹ̀ lè dí tí kò ní hù mọ́ láé, pé tèmi ò tíì dé ibẹ̀. Ó fún mi lóògùn eéwo. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ẹ̀jẹ̀ ò tó, ó fún mi lóògùn tìyẹn náà. Ó ní n ò gbọ́dọ̀ di irun náà títí òun yóò fi tún rí mi.

"Ẹ bá mi sọ fáwọn oníbàárà yín. Irun díẹ̀díẹ̀ tó ń já lójoojúmọ́, kò kan dókítà. Ṣùgbọ́n tó bá ń bọ́ ní ẹ̀kúnwọ́, tójú ibì kan bá pá, tí orí ń dùn wọ́n tàbí tó ń yún, tàbí tó ti lé lóṣù mẹ́fà tí kò dáwọ́ dúró, kí wọ́n má jókòó sílé."

Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù, àti ti irun fífà náà, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú ọmọ iṣẹ́ mi. Mi ò kàn ṣí orí tèmi hàn án ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i nínú dígí: irun wẹ́wẹ́ ní iwájú orí, ó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Mo jí bàbá àwọn ọmọ mi. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo ní kó lọ wọ gíláàsì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ òmìnira dé kí ọjọ́ dókítà tó dé. Mo rò ó títí. Mo ní kí ọmọ ọlọ́mọ má pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nítorí orí mi, kó dì í, ohun tó bá gbà kó gbà. Mo jókòó sáàárín wọn, mo ṣí híjàábù. Mo gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe mí kanlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé òòyà, ó fi ìka kan iwájú orí mi, ó dúró.

"Kí lò ń wò? Bẹ̀rẹ̀," Ìyá ẹgbẹ́ wí.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní di irun yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni. Tí mo bá fà á, á bá èyí tó ti lọ lọ."

Ẹ̀rù tó ń bà mí ti lọ. Ìyá ẹgbẹ́ kọjú sí mi.

"Ṣé ìwọ lo kọ́ ọ báyìí?"

"Èmi ni, mà."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tú gèlè rẹ̀. Láti iwájú títí dé àárín orí, kò sí irun kankan níbẹ̀, ó ń dán. A ti rò pé afẹ́ ló fi ń wé gèlè bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

"Wá wo tèmi," ó sọ fún ọmọ mi. "Ṣé ó ṣì lè hù?"

Ọmọ náà fọwọ́ kàn án, ó wò ó pẹ́. "Mi ò mọ̀, mà. Dókítà ni kó wò ó. Èmi á sìn yín lọ."

Ìyá ẹgbẹ́ ní kí wọ́n gbé ìwé òmìnira rẹ̀ wá.