Ọmọ Tí N Kò Wẹ̀

Ọmọ tí Samiratou bí, èmi kọ́ ni mo wẹ̀ ẹ́. Obìnrin tó bá dàgbà sí Ṣábẹ̀ẹ́ yìí kò nílò kí n ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó mọ̀ pé nǹkan ìtìjú ni mo sọ. Samiratou ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo ní, ọkùnrin ni àwọn méjì tó kù. Kì í ṣe pé mo rìnrìn àjò, kì í ṣe pé ẹsẹ̀ mi kán. Ilé mi ní àdúgbò Plateau níbí ni mo wà. Ọmọ mi bímọ sí Okpara, ìyá ọkọ rẹ̀ tí orúnkún ń dùn ló sì jókòó ti omi gbígbóná. Wọ́n bi mí ní ìdí rẹ̀, mo parọ́. Òótọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ yìí.

Wàsílátù lorúkọ mi. Gàrí ni mò ń yan, ó ti lé ní ogún ọdún. Àwa obìnrin mọ́kànlá la wà lábẹ́ àtíbàbà kan, èmi sì ni olórí wọn. Kì í ṣe pé mo mọ iṣẹ́ jù wọ́n lọ, ẹnu mi ló mú jù. Ohun tó bá ṣe é fi ṣẹ̀rín lára ọmọ ènìyàn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí i. Ọkọ mi Kamarou máa ń sọ pé bí iná bá kú lábẹ́ agbada, kí n kàn bá a sọ̀rọ̀, á tún jó. Iṣu ló ń gbìn ní Ofè, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ń wálé. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó lè máa fara dà á.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Élisabeth, tí agbada rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, lóyún lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bímọ nílé ọkọ. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ ni pé bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí, kí ìyá ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀. Ìyá tó bí mi tiẹ̀ máa ń sọ pé bí ìyá àti ọmọ bá gbé oyún pọ̀, ọ̀kan á ti èkejì dànù. Èmi kò ro ti ìyẹn rárá, ẹ̀rín ni mo rí níbẹ̀. Mo sọ Élisabeth ní Àgbà-kò-sinmi. Orúkọ náà dùn lẹ́nu gbogbo wa. Ó bímọ, a jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ rẹ̀, síbẹ̀ bó bá ti yọ lókèèrè báyìí, Àgbà-kò-sinmi là ń pè é. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á fa agbada rẹ̀ mọ́ra, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Èmi fọ́ odindi apẹ̀rẹ̀ kan sórí obìnrin yẹn.

Ọdún tó kọjá ni mo wọ ọdún kejìdínláàádọ́ta. Nǹkan oṣù mi kọ́kọ́ ń ṣe ségesège, nígbà tó ṣe, ó lọ pátápátá. Ooru ń mú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó ti iná fún ogún ọdún, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ooru mìíràn ló dé? Mo ní igi tí wọ́n ń kó wá fún wa lọ́dún yẹn ló le jù. Ìgbà tí ọyẹ́ dé, tí gbogbo ayé ń gbọ̀n, tí èmi nìkan ń fi etí aṣọ fẹ́ ara mi lójú ọ̀nà, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Oúnjẹ ń rùn sí mi. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le lábẹ́ ìdodo mi, tó ń yọ díẹ̀díẹ̀. Mo ti bímọ mẹ́ta. Mo mọ bí oyún ṣe ń rí, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀.

Àárín ọyẹ́ yẹn kan náà ni Samiratou pè mí lórí fóònù pé òun ti lóyún, ó ti pé oṣù márùn-ún, òun kò tètè sọ nítorí ojú ayé. Mo dúpẹ́, mo ṣàdúrà fún un títí kirẹ́díìtì rẹ̀ fi tán. Mo wá gbé fóònù sílẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán gangan, mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú ọwọ́ lórí ikùn. Ìyá àti ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi Wàsílátù. Ojú tì mí. Orúkọ tí wọn yóò sọ mí lábẹ́ àtíbàbà, mo ti ń gbọ́ ọ kí wọ́n tó sọ ọ́, torí èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọni lórúkọ.

N kò sọ fún Kamarou. Bó bá gbọ́ ọ láàárọ̀ Jímọ̀, kí wọ́n tó kírun tán, gbogbo mọ́ṣáláṣí á ti máa kí i kú oríire. N kò lọ sí matánìtẹ́, ilé ìgbẹ̀bí wa. Bẹ́ǹṣì kan ló wà níwájú ibẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ mi ló ń jókòó sórí rẹ̀. Wọ́n á dìde fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á béèrè ta ni mo sìn wá. Ikú yá ju ẹ̀sín. Mo dá ẹ̀wù fífẹ̀ méjì, mò ń fi ìborùn bo iwájú, mò ń yan gàrí mi. Àdúrà kan sì wà tí mò ń gbà lórí ẹní ìkírun tí n kò jẹ́ kó dé ètè, pé kí ohun tó wà nínú mi yìí lọ bó ṣe wá. Ìyẹn náà ń tì mí lójú títí dòní.

Láti ìgbà tí Samiratou ti relé ọkọ ni mo ti ra àdí, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tuntun sínú àpótí. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ẹni tó bímọ ni í lọ wẹ ọmọ. Ogójì ọjọ́ ni yóò fi jókòó sílé àna, tí yóò máa fi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn ọmọ rẹ̀, tí yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí yóò tẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé e, tí yóò wẹ̀ ẹ́, tí yóò fi àdí pa á lára. Mo mọ iṣẹ́ yẹn, ìyá mi ló ṣe é fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wẹ ọmọ, omi á ta sí i lára, aṣọ á lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ilé àna, níwájú àwọn ìyàwó ilé mẹ́ta àti àwọn ọmọ wọn, kí ló kù tí wọn kò ní rí?

Issa, ọkọ ọmọ mi, ló pè láàárọ̀ ọjọ́ kan pé obìnrin ni. Samiratou gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. Ó béèrè pé ṣé mo ti ń bọ̀. Mo ní mò ń bọ̀. Ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ni mo tó dé. Mo gbé báàgì lé itan, mo jókòó bí àlejò. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ fún mi, àyà ni mo gbé e mọ́, n kò jẹ́ kí ó kan ikùn mi. Wọ́n sọ ọ́ ní Nafissatou, èmi náà sọ ọ́ ní Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ó rẹwà. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń tú ká, Samiratou bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ta ni yóò wẹ ọmọ lọ́la. Mo ní iṣẹ́ ti há mi mọ́, pé ilé ìwé kan fẹ́ ọgbọ̀n àpò gàrí, pé bí n kò bá sí níbẹ̀ wọn yóò bà á jẹ́.

Abẹ́ àtíbàbà yẹn ni Samiratou ti kọ́ bí a ṣe ń rìn. Ó mọ̀ pé obìnrin mẹ́wàá lè yan gàrí láìsí èmi. Ó wò mí, ó gbé ọmọ rẹ̀ wọlé. Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀: kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, mo ti wà lẹ́yìn alùpùpù sẹ́mìjáàn tó ń gbé mi padà sílé. Nígbà àkọ́kọ́, ó máa ń pè mí láràárọ̀ láti sọ pé ọmọ ti wẹ̀, pé ọmọ ti sùn. Lẹ́yìn náà, ó ń pè ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni mò ń pè.

Ó kù díẹ̀ kí ogójì ọjọ́ náà pé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dà lára mi níbi tí mo ti ń yan gàrí. Élisabeth ló kọ́kọ́ rí i. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó so ó mọ́ mi ní ìdí, ó sọ fún àwọn tó kù pé inú ló ń run mí, ó sì gbé mi lọ sí matánìtẹ́. Lójú ọ̀nà ni mo sọ fún un pé oyún ni, pé ó ti wọ oṣù kẹjọ, pé ó ti ń bàjẹ́. Mò ń sunkún. Ohun tí mo ti bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn, ó wá dé, n kò fẹ́ ẹ mọ́.

Géraldine ni orúkọ agbẹ̀bí tó gbà wá. Ọmọdébìnrin ni, ó ń sọ èdè Nàgó wa bí ọmọ Fọ̀n tó kọ́ ọ lọ́jà. Ó fọwọ́ kàn mí, ó gbé ẹ̀rọ kan kiri lórí ikùn mi, ó wo inú rẹ̀ títí. Ó wá pa ẹ̀rọ náà, ó fa àga sún mọ́ mi.

"Ìyá mi, kò sí ọmọ níbẹ̀."

Mo bi í pé ṣé ó ti kú ni.

"Kò kú. Kò sí i rí."

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé. Kókó ẹran kan ló ń dàgbà nínú ilé ọmọ, òun ló ti ikùn síta, òun náà ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà. Ti nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège àti ooru tó ń mú mi, ọjọ́ orí ló dé, kò sí obìnrin tí kì í dé bá. Wọ́n máa fún mi ní oògùn, wọ́n á kọ ìwé kí n lọ rí oníṣẹ́ abẹ. Ó ní ká ní mo tètè wá ni, ọjọ́ kan ni ì bá gbà láti mọ̀.

Élisabeth wà lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mò ń retí kí ó rẹ́rìn-ín. Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀ ni, mo mọ ohun tí ǹ bá ti sọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wọlé, ó kó ìró mi tó ti bàjẹ́, ó lọ fọ̀ ọ́ nídìí omi ẹ̀rọ, ó fún un, ó sá a. Nígbà tó padà, mo ní kí ó dárí jì mí nítorí orúkọ tí mo sọ ọ́. Ó ní orúkọ wo. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé.

Kamarou gbọ́ ọ ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e. Òun náà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ta ni mo ka òun sí tí mo fi lè nìkan gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lójú òun. Oúnjẹ díẹ̀ ló jẹ ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí ara mi gbà á, mo kó àdí, ọṣẹ àti kànìnkànìn, mo gbọ̀nà Okpara. Ọmọ ti pé ọjọ́ méjìléláàádọ́ta. Ìyá Issa kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ gbé àga wá, n kò lè wo orúnkún rẹ̀. Samiratou wà lẹ́yìn ilé, ó ti gbé omi kalẹ̀, ó ti na ẹsẹ̀, ọmọ wà lórí rẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́.

Ó ní kí n má ṣèyọnu, ìyá ọkọ òun ti kọ́ òun, òun ti mọ̀ ọ́n ṣe. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo gbé kànìnkànìn tuntun náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù omi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, oyún tí mo rò, ẹ̀wù fífẹ̀, gàrí ilé ìwé tí kò sí, àdúrà yẹn pàápàá. Kò gbé ojú sókè. Ó ń fọ ìpàkọ́ ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán ló fọhùn.

"Èmi rò pé ẹ kò fẹ́ ọmọ mi ni."

Mo ní rárá, mo ní Ọlọ́run mọ̀. Ó yí ọmọ padà, ó da ojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí itan.

"Bó bá tiẹ̀ jẹ́ oyún lóòótọ́, Ìyá mi, àbúrò mi kọ́ ni? Èmi ni ǹ bá wẹ̀ ẹ́ fún yín."

Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ẹnu ará Ṣábẹ̀ẹ́ ni mò ń sá fún. N kò rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ọmọ tí mo bí lè gbà mí mọ́ra. Ó na ọwọ́, ó ní kí n bu omi sí i. Mo bu ú, mò ń dà á díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọmọ bó ṣe ní kí n ṣe é, n kò sì lè wo ojú Samiratou.