Ohùn Tí Mo Jí Lò Nínú Ilé Àpatì

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ìkẹ́rẹ́, kò pẹ́ tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, àbúrò bàbá mi kó dé láti Àkúrẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Wọ́n ti gbé e lọ sí Adó, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tó ya wọ Adó nígbà náà pọ̀ débi pé yàrá kò ṣeé rí háyà. Ló bá sọ̀ sílé wa, òun àti tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, òun àti ẹ̀rọ fídíò tó fi aṣọ bò bí ọmọ tuntun. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ayé Nóà ni mò ń sọ. Ẹ̀yin lẹ dé láti ibi ìṣeré tí ẹ ti sanwó kí àwọn oníbòjú lè dẹ́rù bà yín, tí ẹ wá bi mí pé kí ló ń mú kí fíìmù òkú bani lẹ́rù gan-an. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Kò dùn ún gbọ́, n kò sì ní bu iyọ̀ sí i.

Ní gbogbo Sátidé, bí a bá ti oko dé, fíìmù òkú àti iwin ni à ń wò. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin a wọ́ mọ́ra lórí ẹní. Lọ́jọ́ kan bàbá wa fẹ́ sùn, ó ní kí a pa ohùn tẹlifíṣọ̀n náà. A pa á. Òkú jáde láti inú sàréè, ẹ̀rín ló pa wá. Láìsí ohùn, ọkùnrin kan tó fi ẹfun para, tó ń rìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn, ni à ń wò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òkú kọ́ ló ń bani lẹ́rù, ohun tó ń bọ̀ tí ojú kò tíì rí ni. Etí ló ń kọ́kọ́ rí i. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, mo sì níkà nínú, mo fi ọgbọ́n yẹn sápò.

Ilé àpatì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ará Èkó kan ló ń kọ́ ọ, ó kan páànù lé e, ó sì fi í sílẹ̀ láìní ilẹ̀kùn. Nígbà ìsinmi gígùn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi àpò kòkó dí gbogbo ojú fèrèsé rẹ̀, ọ̀sán gangan di òkùnkùn níbẹ̀. A so ewé kókò tútù rọ̀ kí ó máa kan ojú ẹni tó bá wọlé, a sì ń wọ́ páànù nílẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ni owó ìwọlé. Àwọn ọmọ àdúgbò a sá jáde, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a tún lọ tọrọ ẹ̀pà mìíràn lọ́wọ́ ìyá wọn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kò sá. Ọmọbìnrin ni, ilé wọn kọjú sí tiwa, kíláàsì kan náà la sì wà. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yẹn. Ó rìn já ilé àpatì náà, ó jáde lápá kejì, ó gbọn omi ewé kókò kúrò léjìká, ó ní, “Ulé yín yí, éè bà mí lẹ́rù.” Àwọn ọmọ yòókù fi mí rẹ́rìn-ín. Inú bí mi ju bó ti yẹ lọ. Mo jókòó, mo ro ohun tí ọmọ yìí ní tí àwọn yòókù kò ní, ikú ìyá rẹ̀ ni mo rí.

Gbogbo àdúgbò ló mọ bí ìyá náà ṣe ń pe ọmọ rẹ̀. Bí iyán bá ti délẹ̀, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò fa oríkì ọmọ náà gùn títí, ìparí rẹ̀ a wá rọ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín: “Máa bọ̀, uyán ti délẹ̀.” N kò ní pe oríkì náà níbí. Mo ti pè é nígbà tí kò tọ́ sí mi. Mo mọ ohùn náà sín jẹ dáadáa. Mo bu àdín, irú èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń fi para fún un, mo fi kun ara ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi gbé odó wa lọ sí yàrá tó kángun. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ọmọdé nílẹ̀ wa: bí wọ́n bá pè ọ́ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má ṣe jẹ́, nítorí ẹni tó bá dá òkú lóhùn yóò bá òkú lọ. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ó gbọ́, kí ó sá, kí gbogbo wọn sì rí i pé ó sá.

Mo ní ọ̀fẹ́ ni fún un lọ́jọ́ náà. Ó wọlé. Nígbà tó gbóòórùn àdín, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi gún odó, gbì, gbì, jẹ́jẹ́. Mo wá pè é. Kò ké, kò sì sá. Ó ní, “Yèyé, mo í bọ̀,” ó sì kọrí sí ibi tí a wà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú nínú òkùnkùn. Àwa la sá. A gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn bẹ́ jáde, a sá dé ìdí ọsàn, a rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín, ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ìyá bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n ta òróró sí i lórí. Bàbá rẹ̀, tíṣà tí kì í gbóhùn sókè, wá sílé wa, ó bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tó ń ṣe é?” Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ ni. Mo gbà pé ó ti dá òkú lóhùn, pé ó ń lọ nìyẹn, àti pé gbólóhùn kan láti ẹnu mi lè dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí mo bá sọ, wọn yóò nà wá bí ẹni na bàrà. Nítorí ẹgba, mo fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wewu fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Èyí tó burú jù ni pé mo ń gbéra ga nínú, pé kò sí fíìmù tó lè ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo rí i tó gbé abọ́ tó fi ọmọrí dé wọ inú ilé àpatì náà. Mo yọ́ tẹ̀ lé e. Ó jókòó sílẹ̀ yàrá tó kángun, ó ṣí abọ́. Iyán òun fúnra rẹ̀ ni, kò bu òkèlè kan níbẹ̀. Ó gbé e síwájú ògiri, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pé ìyá àgbà ti ta ewúrẹ́ dúdú, pé òun ṣe ipò kejì ní kíláàsì, pé kí yèyé jọ̀ọ́ tún pe òun, òun yóò tètè dé lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo irun ara mi dìde. Ọmọ náà kò bẹ̀rù rárá láti ọjọ́ yìí wá. Ó ń retí ìyá rẹ̀ ni.

Mo jáde sí i. Mo ní, “Èmi ni. Èmi ni mo pè ọ́.” Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo ṣàlàyé àdín, mo ṣàlàyé odó. Ó wò mí títí, ó ní, “Ó dáa, pè mí.” Mo pè é pẹ̀lú ohùn náà gan-an. Ó di ojú, ó gbọ́ ọ délẹ̀. Nígbà tó lajú, ó ní, “Ùwọ ni lóòótọ́,” ó wá bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Mo rò pé mo wá gbà á sílẹ̀ ni. Èmi ni mo pa ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú abọ́ iyán nílẹ̀ láàárín wa.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn àgbà, wọ́n nà wá, ó sì tọ́ sí wa. Ọmọ náà padà ń jẹun, ara rẹ̀ bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jáde ìwé.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹ̀rù ti di ohun tí ẹ̀ ń to ìlà rà. Ẹni tó fi ìbòjú bojú kò mọ oríkì yín, kò mọ ẹni tó kú mọ́ yín lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín jáde. Ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ pé fóònù ti lè sín ohùn òkú jẹ báyìí. Ẹni tó bá fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ sá fún un.

Ọmọbìnrin ọjọ́ náà ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ní Ìbàdàn. Ó wá sílé fún Kérésì tó kọjá, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe orúkọ ìsàmì rẹ̀ lásán, n kò pe oríkì. Mo rí i pé ó gbọ́, nítorí èjìká rẹ̀ dúró. Kò jẹ́. Ó kọ́kọ́ yíjú padà, ó wo ẹnu mi dáadáa, kí ó tó dá mi lóhùn.