Bọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Kò Jò

Ihò ni mo fi ọdún mẹ́sàn-án wá ní Sàngó, wọ́n sì ń sanwó fún mi lórí ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike ni. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti jáde nínú ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Màá gbé e sókè sí iná, màá wo ìdí ẹ̀, màá bu omi sí i, màá dúró. Èyí tó bá jò, màá fi ọ̀bẹ là á sí méjì kí wọ́n lè lọ yọ́ ọ padà. Iṣẹ́ náà wọ̀ mí lẹ́wù débi pé bí mo bá kí èèyàn nílé, ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó pè mí wá sílé lẹ́ẹ̀kan kì í sábà pè mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyàwó mi gan-an jìyà ẹ̀. Lọ́dún tí a ṣègbéyàwó, mo la bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ìyá ẹ̀ fi sin ín wá sílé ọkọ, nítorí ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò pé àárẹ̀ ló mú un.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ káàkiri Ọ̀tà. Ibi tí wọ́n ti ń wú ẹ̀gẹ́ lọ́dún tó kọjá, géètì ńlá á ti dé ibẹ̀ lọ́dún yìí. Ìyàwó mi ríṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì ọ̀hún, ilé àwọn olùkọ́ ló ń tọ́jú. Nígbà tí òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ ń padà sílùú wọn, ó fún un ní igi ólífì kan nínú ìkòkò amọ̀, ó ga tó ìbàdí mi. Ìyàwó mi gbé e sí iwájú yàrá wa ní àdúgbò Joju, gbogbo ará ilé sì ń wá wo igi inú Bíbélì. Ó sọ fún mi pé kò sí nǹkan tó wà nínú yàrá wa tí kì í ṣe èmi ni mo rà á, igi yìí nìkan ni tòun.

Kò pẹ́ tí ìyá ẹ̀ fi ṣubú ní Ìkìrun, tí egungun itan wọn kán. Ó di dandan kí ìyàwó mi lọ tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní páàkì, kó tó wọkọ̀, ó yíjú sí mi.

“Mi ò fi nǹkan míì lé yín lọ́wọ́ o. Igi mi nìkan.”

Mo fi ìka kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n, mo nà án sókè. Mo búra.

Lọ́jọ́ kejì ni mo bomi rin ín, mo sì rí i tí omi ń ṣàn jáde lábẹ́ ìkòkò. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀. Àánú òyìnbó yẹn ṣe mí: gbogbo ìwé tó kà, inú ohun tó ń jò ló gbin igi sí. Mo mú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, èyí tó ṣẹ́ kù nínú àwọn tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ká ṣe fún ọdún ìdásílẹ̀ wọn. Wọ́n tẹ ỌDÚN ÀKÚNWỌ́SÍLẸ̀ MI sí i lára, gàdàgbà gàdàgbà. Mo pọn omi sí i láti àárọ̀ dalẹ́, kò jò. Mo gbin igi náà sínú ẹ̀. Ìkòkò òyìnbó ńkọ́? Mo fọ́ ọ, bí mo ṣe ń ṣe gbogbo ohun tó bá jò.

Láàárọ̀, omi. Nírọ̀lẹ́, omi. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé àdúgbò wá tọrọ ewé láti fi gbàdúrà, mo sì ń já a fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fajú ro bíi díákónì. Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù pé ẹ̀kán omi kan kì í ṣòfò mọ́. Ó ṣàdúrà fún mi.

Lẹ́yìn náà ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já bọ́. Mo ní òùngbẹ ni, mo fi omi kún omi. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, mo mú ìgò òróró ólífì tí ìyàwó mi gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n gbàdúrà sí, mo da ìdajì ẹ̀ sídìí igi. Lójú tèmi, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ewé túbọ̀ ń já. Aládùúgbò kan wá sọ pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mọ́ mi nínú. Obìnrin tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ni mo fura sí, nítorí ewé méjì ló gbà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi kí i.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ìyàwó mi dé nígbà tí onílé wa, Alhaji kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀tà, ń bọ̀ láti ibi ìrun alásárì. Wọ́n dúró ti igi náà. Wọ́n ní sàítúnì nìyẹn, Ọlọ́run fi í búra nínú Àlùkùránì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbóòórùn iyẹ̀pẹ̀, wọ́n fẹ́ sún bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò mì.

“Níbo lomi ń gbà jáde?”

“Kò síbì kankan, Alhaji,” ni mo fi ìgbéraga dáhùn. “Èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò.”

Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní kí n lọ wọ bàtà, kí n bomi kún un, kí n má bọ́ ọ fún oṣù kan, kí n wá ròyìn ẹsẹ̀ mi fún àwọn.

Mo fi irin sórí iná sítóòfù. Nígbà tó pọ́n, mo jókòó síwájú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ mi ò lọ. Ọdún mẹ́sàn-án, mi ò dá ike tó dáa lu rí. Ojú ń tì mí bí ẹni tó fẹ́ jalè. Mo rántí ojú ìyàwó mi ní páàkì, mo dijú, mo ti irin bọ̀ ọ́. Omi dúdú tú jáde, ó ń rùn bíi gọ́tà, òróró àdúrà ń léfòó lórí ẹ̀. Mo lu ihò mẹ́rin sí i. Mo sunkún, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí ìyàwó mi sọ̀ lórí ọ̀kadà, ewé méje péré ló kù, àwọn méje yìí ni gbogbo ewé tó wà lórí ẹ̀ lónìí ti ṣẹ̀ wá. Mo ti to irọ́ mi sílẹ̀: ọyẹ́, ayé, obìnrin yàrá ẹ̀yìn. Kò wo ewé. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

“Ta ló dá a lu?”

“Èmi ni.”

Ó ní ìkòkò òun dà. Mo sọ fún un.

“Ẹ la ti ìyá mi nítorí pé ó jò,” ló wí. “Ẹ wá dá tiyín lu nítorí tèmi.”

Ó wọlé, ó bu omi sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e fún mi pé òun fẹ́ rí i. Mo rọra dà á sídìí igi. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀, a ń wo ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo gbàdúrà kó jò.

Ó jò.