Bàbá Sítọ̀, Ẹni Tó Ń Gba Ọmọ Wọlé Bí Ẹrù Ìjọba

Bàbá Sítọ̀ ti lọ sinmi, ṣùgbọ́n títí di òní, wọ́n ṣì ń sọ nípa ọjọ́ tó mú kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì rákòrò nínú iyanrìn lójú gbogbo bárékè.

Eyín ló fà á. Yàrá gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì bárékè, níbi tí àwọn sójà tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ ti máa ń fi ọmọ sílẹ̀. Bàbá ló ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Òun ló ń kó wọn lọ sílé ìwé, òun ló ń lọ kó wọn bọ̀ lọ́sàn-án, á sì jókòó tì wọ́n títí òbí á fi dé. Ṣùgbọ́n kó tó fẹ̀yìn tì, sítọ̀ ló ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, níbi tí ìjọba ń kó bàtà, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti àgádágodo sí, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkejì. Láràárọ̀, á gbé ọmọ dúró lábẹ́ iná, á yí i po, á wá kéde ketekete:

"Mo gba ọmọ kan. Bàtà méjì, báàgì kan. Orúnkún ọ̀tún ti bó láti ilé. Eyín iwájú kan ń mì. Ṣé ó pé?"

Òbí gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ó pé." Bó bá di ìrọ̀lẹ́, bákan náà ni. Òbí tó bá lóun ò dáhùn, ẹnu ọ̀nà ni ilẹ̀ máa ṣú bá a sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Kọ́nẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló wá mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Bàbá yí ọmọ náà po, ó la ẹnu rẹ̀ wò, ó pa á dé.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọmọ yín ò tíì pé."

"Kí ló dé?"

"Eyín kan dín."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì bú sẹ́rìn-ín. "Ṣebí ó ti ń mì láàárọ̀? Ó ti yọ nìyẹn. Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ẹ̀yin lẹ lè máa lọ, ọ̀gá. Ọmọ ò lọ. Látìgbà tí mo ti wà ní sítọ̀, nǹkan ò sọnù lọ́wọ́ mi rí. Ṣé eyín ọmọ ọ̀gá ni kí n wá fi bẹ̀rẹ̀?"

Báyìí ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì ṣe ká ṣòkòtò sókè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rákòrò. Sójà méjì tó ń kọjá rí ọ̀gá wọn lórí orúnkún. Wọn ò bèèrè ohunkóhun, wọ́n kúnlẹ̀. Àwọn mẹ́fà mìíràn rí àwọn yẹn, àwọn náà kúnlẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìdajì bárékè ti ń fi ọwọ́ tú iyanrìn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ọ̀kan rí bọ́tìnì. Ọ̀kan rí kọ́kọ́rọ́ kan tí wọ́n ti fìyà jẹ ẹlòmíràn nítorí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìgbà yẹn ni ọmọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbé búrẹ́dì kúrò lẹ́nu.

"Bàbá, inú àpò yín ló wà kẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n mú un wá kẹ́ ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú eyín jáde, ojú ò tiẹ̀ tì í. "Ẹ ò rí i? Mo ní nǹkan kì í sọnù lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá, ṣé ó pé?"

"Ó pé," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí, lórí ìkúnlẹ̀ tó wà.

Obìnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Dírẹ́bà wà lára àwọn tí orúnkún wọn bó lọ́jọ́ náà. Òun ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó tóbi jù ní bárékè. Ọkọ rẹ̀ ń dáná fún àwọn sójà, kì í sì í dé àfi tí wọ́n bá fọ abọ́ tó gbẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Bàbá Sítọ̀ ló sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí ìrìn rẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí Dírẹ́bà sí orúkọ náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí òun náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Pẹ́pẹ́yẹ fi igbe ta. Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ìwọ nìkan lo fẹ́ sunkún? Kò ṣeé ṣe. Ohun tó bá wúwo, èèyàn méjì ló ń gbé e níbí. Lọ wá ẹnìkejì rẹ wá."

Pẹ́pẹ́yẹ nu ojú, ó wọnú yàrá lọ, ó ń bi àwọn ọmọ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Jọ̀ọ́, ṣé wàá bá mi sunkún?" Ọ̀kan ní òun ti sun tòun tán. Òmíràn ní kó dúró kí òun mu tíì òun ná. Ìgbà tó fi máa rí ẹni tó gbà, àwọn méjèèjì ti gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Àwọn òbí náà ò bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ẹni tó bá pẹ́ dé, á ní kó jókòó ti ọmọ rẹ̀ kó bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tán kí wọ́n tó lọ. Sájẹ́ǹtì kan wà tí kò bẹ̀rù ìbọn, tí kò bẹ̀rù bọ́ǹbù. Ìṣirò ló ń bà á lẹ́rù, òun ló sì ń kọ́kọ́ dé láàárín gbogbo wọn.

Bí wọ́n bá ń lọ sílé ìwé, okùn gígùn kan ni gbogbo àwọn ọmọ máa ń dì mú, Bàbá á wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá. Kò sí ọkọ̀ tí kì í dá dúró. Ọjọ́ kan ó na ọ̀pá náà sí Dírẹ́bà lójú títì.

"Pa ẹ́ńjìnnì."

"Bàbá, mo ti dúró. Kí lẹ fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ṣe?"

"Pa á."

"Ọmọ tèmi ló wà lórí okùn yẹn o! Ṣé mo lè fi ọkọ̀ gbá ọmọ mi ni?"

"Láàárọ̀ yìí, ọmọ tìrẹ kọ́. Mo ti gbà á, ìwọ náà sì ti ní ó pé. Pa ẹ́ńjìnnì."

Dírẹ́bà pa á. Gbogbo ọkọ̀ ogun tó tò sẹ́yìn rẹ̀ pa tiwọn. Pẹ́pẹ́yẹ ń juwọ́ sí wọn bó ṣe ń kọjá, bí ọ̀gá tó wá ṣàbẹ̀wò sí ọmọ ogun.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí wọ́n fi gbé Dírẹ́bà lọ síbi iṣẹ́ tó jìnnà, tí wọn ò sì sọ ìgbà tó máa padà. Láàárọ̀ tó fẹ́ lọ, ó gbé ọmọ wá, báàgì tirẹ̀ náà wà léjìká.

"Bàbá, nǹkan kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù," ó ní. "Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ìgbà tí n bá fi máa dé, kò ní mọ̀ mí mọ́."

Bàbá na ọwọ́ gba ọmọ. Ó gbé ọmọ sábẹ́ iná. "Mo gba ọmọ kan. Kò lè so okùn bàtà. Kò mọ ìwé kà. Ó ń bẹ̀rù adìẹ. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ di imú. Ṣé ó pé?"

Dírẹ́bà tún báàgì gbé kọ́ èjìká. Orí ló mì. Bàbá tí kì í gba orí mímì lọ́wọ́ ọ̀gá kankan gba tirẹ̀.

Fóònù kì í sábà dára níbi tó lọ. Nígbà àkọ́kọ́, Pẹ́pẹ́yẹ máa ń pariwo "Mọ́mì mi!" débi tí etí á fi máa hó. Nígbà tó yá, ó di "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì." Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," bí ẹni ń kí ọ̀gá ilé ìwé. Dírẹ́bà parí ọ̀rọ̀, ó wọnú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún láìwá ẹnìkejì.

Ó lé lọ́dún kan kó tó dé. Kò yà sílé. Pẹ̀lú eruku lára ló gba yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì lọ. Ọmọ gíga kan tó ń kàwé gbójú sókè, ó dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn bẹ́ǹṣì.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

Bàbá Sítọ̀ pè é sábẹ́ iná. Ọmọ ò jáde. Bàbá wò ó níbi tó wà, ó mi orí.

"Kò pé," ó ní.

Dírẹ́bà sáré yí ojú sí ọmọ náà.

"Ó lé ni. Ohun tí mo gbà kọ́ ni mo fẹ́ dá padà yìí. Ní sítọ̀, kí nǹkan lé burú ju kó dín lọ, torí wọ́n á bi ọ́ pé níbo lo ti rí i. Jókòó, jẹ́ n sọ ibi tí gbogbo ẹ̀ ti wá."

Dírẹ́bà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Okùn bàtà. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló mọ̀ ọ́n so. Ó so tiẹ̀ mọ́ tèmi. Mo dìde, mo ṣubú, mo fọ́ ife márùn-ún."

"Ife kan ni," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì.

"Márùn-ún ni. Ti adìẹ wá ńkọ́? Adìẹ kan tó tóbi tó ewúrẹ́ já wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Gbogbo ọmọ gun orí tábìlì. Pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló dúró, ó ń bá adìẹ sọ èdè adìẹ."

"Bàbá! Adìẹ kékeré ni! Èmi náà wà lórí tábìlì, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀!"

"Èmi? Lórí tábìlì?"

"Ẹ tiẹ̀ ń pariwo!"

"Ó dáa. Ìwé kíkà. Ìwé ńlá kan tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì pàápàá ò lè gbé ló kọ́kọ́ kà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì bá bú sẹ́kún."

"Irọ́ ni! Mọ́mì, ẹ má dá wọn lóhùn. Ara páálí ọṣẹ ni mo ti kọ́kọ́ kàwé. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an, wọn ò mọ̀ ọ́n sọ."

Dírẹ́bà ò mọ ìgbà tí ọmọ kúrò lẹ́yìn bẹ́ǹṣì. Ìgbà tó máa wò, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti wà lórí itan òun, ó ń sọ̀rọ̀ láìmí, ó sì fọwọ́ di imú nítorí ẹ̀rín. Dírẹ́bà gbójú sókè wo Bàbá Sítọ̀. Àjà ni Bàbá ń wò, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Ìgbà yẹn ló yé Dírẹ́bà pé ọkùnrin tó mọ iye orúnkún tó bó ní bárékè kò lè ṣi ife kan kà sí márùn-ún.

Àwọn òbí yòókù kó ọmọ wọn lọ tán. Pẹ́pẹ́yẹ ò tíì dákẹ́. Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́.

"Dírẹ́bà, ṣé ó pé?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Bàbá gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó lọ gbé omi tíì kaná.

Lọ́dún tó kọjá ni Bàbá lọ, lójú oorun, láìda ẹnikẹ́ni láàmú. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn òbí àtijọ́ àti àwọn ọmọ tó ti di géńdé kóra jọ sínú yàrá náà, oníkálùkù ń sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ó kan Dírẹ́bà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọ̀sán ọjọ́ tí atẹ́gùn ká páànù orí yàrá lọ, tí Bàbá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ṣe àgọ́, tó ní gbogbo àwọn ọmọ ti di ọmọ ogun ojú òjò. Ó ń ṣàpèjúwe bí omi ṣe ń ro, bí ẹ̀rín ṣe ń jáde lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n ń gbá bẹ́ǹṣì.

Pẹ́pẹ́yẹ, tó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí, tẹ̀ sí i létí. "Mọ́mì, ọdún tẹ́ ẹ rìnrìn àjò nìyẹn. Ẹ ò sí níbẹ̀."

"Ta ni ò sí níbẹ̀?" ni Dírẹ́bà wí. "Ṣé ìwọ kọ́ lo wọ súẹ́tà pupa, tó o di apá Bàbá mú tí o ò fẹ́ fi í sílẹ̀?"

Pupa ni súẹ́tà náà lóòótọ́, bí Pẹ́pẹ́yẹ ṣe sọ ọ́ fún un lórí bẹ́ǹṣì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé. Pẹ́pẹ́yẹ sún mọ́ ìyá rẹ̀ títí èjìká wọn fi kan ara.

"Èmi ni, Mọ́mì," ó ní. "Ẹ máa sọ ọ́ lọ."